Ahun kan kú, ó ku ìkejì: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe látọjọ́ àkọ́kọ́

Láàárín ọyẹ́ January tó kọjá, mo jí láàárọ̀ Sátidé kan, mo gbé omi lọ fún àwọn ahun mi méjèèjì lẹ́yìn ilé, mo bá Alábahun nílẹ̀, ọrùn ẹ̀ nà síta, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, Yánníbo sì wà ní igun kejì tó ń jẹ ewé yánrin tiẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sìn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kó wọn fún mi lọ́dún tí wọ́n kúrò lóko wá sígboro, ẹ̀yà ti igbó wa níbí ni wọ́n, àwọn tí ẹ̀yìn ìkarahun wọn ní ìdè tó ń ṣí tó ń pa dé bí ìlẹ̀kùn, Kinixys làwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, tẹ́ ẹ bá wá a lórí Google, hinge-back lẹ máa rí.

Ẹni tó bá ń sìn ajá mọ̀ pé tó bá pẹ́ pẹ́, ọdún mẹ́tàlá mẹ́rìnlá, ó tán. Ahun ńkọ́? Ṣebí gbogbo wa la gbọ́ nípa Alágbà tó wà láàfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, tó kú ní October 2019, tí wọ́n ní ó ti lo ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà, wọ́n ní kò sí ahun tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Jonathan, ahun ti erékùṣù Saint Helena tí wọ́n ń pè ní àgbà gbogbo ẹranko orí ilẹ̀, nǹkan bí 1832 ni wọ́n fojú bù ú pé ó jáde látinú ẹyin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iye ọdún kọ́ nìyí. Ohun tó wà lọ́kàn èmi ni pé ọmọ mi ló máa jogún àwọn ahun yẹn lọ́wọ́ mi, mi ò ronú ẹ̀ rí pé èmi ni màá sin ọ̀kan nínú wọn. Torí náà ọwọ́ mi ò balẹ̀, mo ṣe àwọn nǹkan kan dáadáa, mo ṣi àwọn míì ṣe, ẹ jẹ́ n to gbogbo ẹ̀ síbí bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra.

Ẹ má tíì mú ọkọ́ o

Èèyàn á rí i pé kò mira, á sáré lọ gbẹ́lẹ̀. Ẹ dúró. Ara ahun ò lè mú ooru jáde fúnra ẹ̀, oòrùn àti ilẹ̀ tó jókòó lé ló ń bá a mú ara gbóná, tí ilẹ̀ bá wá tutù bíi tòru ọyẹ́, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló máa ń falẹ̀, ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀, èémí kan sí ìkejì á jìnnà débi pé tẹ́ ẹ bá dúró tì í fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ lè má rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn wa tó wà nílẹ̀ òtútù, tó jẹ́ pé irú ahun tí wọ́n ń sìn lọ́hùn-ún máa ń sùn fún oṣù mélòó kan nínú ọdún, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ẹ gbé e wọ yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi digiri 26 sí 28. Ẹ má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ má da omi gbígbóná lé e lórí, torí tó bá ṣì ní ẹ̀mí nínú, ẹ̀yin lẹ máa parí ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi òwú tó tutù kan igun ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́, èyí tó bá wà láàyè á pajú dé tàbí kó fa orí sẹ́yìn. Ẹ rọra fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á fà á padà. Ẹ fọwọ́ kan ìdí ìrù ẹ̀. Tí kò bá dáhùn rárá, ẹ ṣì fi í di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá kú lóòótọ́, ojú ẹ̀ á wọnú, ara á kọ́kọ́ le á tún wá rọ̀, eṣinṣin àti òórùn á sì sọ ìyókù fún yín.

Dọ́kítà ẹranko tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Doppler lè fi gbọ́ bóyá ọkàn ṣì ń lù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọkàn ahun lè ṣì máa lù fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ọpọlọ ti kú, nítorí náà ọ̀rọ̀ dọ́kítà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé mo gbé e sétí. Ìdí kan náà ni pé tí ahun bá ń jìyà tí kò sí àtúnṣe, tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín gba ìrora lára ẹ̀, iṣẹ́ dọ́kítà tó mọ̀ ọ́n ni, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kì í sábà parí ẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan pé kéèyàn kàn gbé e sínú fírísà, á sùn lọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, kì í sùn lọ, ìyà ni, ẹ má dán an wò.

Fíríìjì ni, kì í ṣe fírísà

Tó bá ti dájú pé ó ti lọ, tó sì jẹ́ pé ẹ ní òmíì nílé, ẹ má sin ín kí wọ́n tó yẹ inú ẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé kò bá ọ̀pọ̀ nínú wa lára mu, èmi náà, ọkàn mi ò kọ́kọ́ gbà á kí wọ́n la Alábahun, mo ní ṣé ìyà tó jẹ ò tó ni. Ṣùgbọ́n ohun tó pa èyí tó kú lè wà lára èyí tó kù báyìí, ẹ ò sì ní mọ̀ títí tọ̀hún náà á fi nà gbọọrọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Òkú gbọ́dọ̀ tutù láìdì. Tó bá dì, omi inú ẹran ara á di yìnyín, á fọ́ ẹran náà wẹ́wẹ́ débi tí wọn ò ní lè fi awò rí nǹkan tó ní láárí. Fíríìjì lásán ló dáa, kó sì dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìyàwó mi ní tóun bá ṣí fíríìjì tóun bá òkú ahun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ òun, èmi àti ahun la jọ máa kó jáde nílé lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ sí i lẹ́nu, kúlà la lò. Láílọ́ọ̀nù méjì ni mo fi wé e, mo fi aṣọ àkísà wé omi dídì kó má baà kàn án tààrà, mo tò ó yí i ká, mo bá gbéra.

Nílẹ̀ wa níbí, ilé ìwòsàn ẹranko ti àwọn yunifásítì ni màá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, Ìbàdàn ní, FUNAAB l'Ábẹ́òkúta ní, Ìlọrin náà ní. Dọ́kítà ẹranko àdúgbò lè dáa gan-an o, ṣùgbọ́n ajá, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́jú látàárọ̀ dalẹ́, ahun ò sábà wọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù: ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, oògùn tẹ́ ẹ fún un, oúnjẹ tó ń jẹ, ẹranko tuntun tó wọlé láìpẹ́, àti fọ́tò ibi tó ń gbé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba òkú ẹ̀ padà, ẹ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá dákẹ́ wọ́n á bá yín kó o dànù pẹ̀lú ìyókù ni.

Ti Alábahun, ọyún ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, wọ́n sì bá aràn nínú ìfun ẹ̀, aràn tó pọ̀. Mo dákẹ́. Ìdí ni pé láti December ni mo ti rí i tí ìfófòó ń yọ nímú ẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ni, á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ahun kì í ní ọ̀fìnkìn tó ń lọ fúnra ẹ̀ bíi tiwa, tí ìfófòó bá ń yọ nímú ẹ̀ tàbí tó bá ń la ẹnu mí, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹranko tó ń fi àìsàn pamọ́ ni, tó bá fi máa hàn lójú, ó ti wọra.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kó má lọ bọ́ sọnù. Bí mo ṣe gbọ́ pé aràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran, kò tíì gbọ́rọ̀ mi tán tó ti mú ivermectin jáde, ó ní ohun tí gbogbo èèyàn ń fún ajá nìyẹn. Òótọ́ ló sọ, ajá ń gbà á, màlúù ń gbà á. Májèlé ni fún ahun! Ó máa ń rọ wọ́n lápá lẹ́sẹ̀ títí wọ́n á fi kú. Oògùn aràn míì tó ń jẹ́ fenbendazole ni dọ́kítà fún Yánníbo, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó mọ iye tó máa gbà, torí náà ẹ má ṣe fi iye tẹ́ ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún tiyín.

Sísin ín

Kò lọ títí. Kí kòtò náà jìn ju orúnkún àgbàlagbà lọ, tó bá lè tó mítà kan ó tún dáa, kó jìnnà sí kànga, ẹ fi aṣọ tàbí páálí wé e, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí nítorí ajá. Ohun tó máa ń pẹ́ ni àwọn tó máa wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹni mẹ́ta ló wá bá mi kílẹ̀ tó ṣú: ọ̀kan fẹ́ ìkarahun ẹ̀ fún àgúnmu, ọ̀kan ní kí ló dé tá a fi ń sin ẹran ọbẹ̀, ẹnì kẹta ní kí n bun òun fi bọ Ṣàngó, torí gbogbo wa mọ̀ pé Ṣàngó ń jẹ ahun. Bàbá oníṣàngó tó wà ládùúgbò wa fúnra wọn ló bá mi dá ẹni ìkẹta lóhùn, wọ́n ní òkúùkú ẹran, ta ló ń gbé e síwájú òrìṣà. Àwọn méjì tó kù, mo sọ fún wọn pé ọyún àti aràn ló pa á. Wọ́n lọ.

Tó bá jẹ́ Britain lẹ wà, tí tiyín sì jẹ́ irú Hermann tàbí spur-thighed tí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí Article 10, ìyẹn ìwé àṣẹ tó jẹ mọ́ títà wọn, ìwé yẹn máa padà sọ́dọ̀ APHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹranko, tó fún yín ni, ẹ má tọ́jú ẹ̀ de òmíì.

Ilé èyí tó kù

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá òkú náà ni kẹ́ ẹ ti gbé èyí tó kù kúrò níbẹ̀. Kò nílò ààfin, páálí ńlá tàbí ọpọ́n ìfọṣọ tó fẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí i, kó ní ibi tó lè sá pa mọ́ sí, ó tó fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ òkè ibi tí wọ́n jọ ń gbé kúrò. Àwo omi àti àwo oúnjẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n ná, kẹ́ ẹ wá fi bílíìṣì tá a fi ń fọ aṣọ funfun rẹ wọ́n, ìwọ̀n ìkan sí omi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ṣàn wọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ sá wọn sóòrùn títí òórùn ẹ̀ á fi tán. Ẹ fi Izal sílẹ̀, ẹ fi Dettol sílẹ̀. Nǹkan tó wà nínú wọn tó ń pa kòkòrò ò bá ara àwọn ẹranko afàyàfà àti ahun mu rárá, mo sì mọ̀ pé òun ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Ọwọ́ ẹ̀yin náà ńkọ́? Ahun tí ara ẹ̀ le koko lè ní kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella nínú ìgbẹ́, kó má ṣe òun ní nǹkan kan, kó sì gbé ọmọ ọdún méjì dé ọsibítù. Láti 1975 ni wọ́n ti fòfin de títa àwọn wẹ́wẹ́ tí ìkarahun wọn ò tó íǹṣì mẹ́rin l'Amẹ́ríkà, torí pé àwọn ọmọdé ń kì wọ́n bọ ẹnu. Torí náà, ẹ má fọ àwo wọn nínú síǹkì tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́ jíjẹ, ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu bó ti wù kó dùn yín tó, kẹ́ ẹ sì fọwọ́.

Ṣé ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀ ni?

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Alábahun kú ni Yánníbo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ti gbé e padà sínú ọgbà ẹ̀ nígbà yẹn. Láàárọ̀ ó ń rìn lẹ́bàá ọgbà, nírọ̀lẹ́ ó ń rìn lẹ́bàá ọgbà, á dé igun kan á dúró, á fimú gbọ́ ilẹ̀, á tún yí padà, oúnjẹ tó ń jẹ dín kù sí ìdajì. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé wa wò ó títí, wọ́n ní "ẹ wò ó, ó ń wá ọkọ ẹ̀". Àwọn ọmọ mi bú sẹ́kún. Kí n má parọ́, omi bọ́ lójú èmi náà. Lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n lọ ra akọ míì lẹ́bàá títì.

Àlọ́ ló fi wọ́n ṣe tọkọtìyàwó fún wa. Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, báyìí la ṣe gbọ́ ọ láti kékeré, ó nílé, ó láya, ó lánà, ó sì ń yá owó lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Èmi gan-an ló fún wọn lórúkọ, kí ni mo retí? Nínú igbó, ahun ń dá rìn ni, ó ń dá jẹ, ó ń dá sùn, tí akọ ò bá wá abo wá, méjì ò ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ ara wọn, wọn kì í kọ́lé pọ̀, wọn kì í jọ tọ́ ọmọ, abo á sin ẹyin á sì bá tiẹ̀ lọ. Èyí ò sọ wọ́n di òmùgọ̀ o. Ní 2010 àwọn onímọ̀ kan kọ́ ahun ẹlẹ́sẹ̀ pupa ti Gúúsù Amẹ́ríkà kan bó ṣe máa gba ẹ̀yìn ọgbà yí ká kó tó dé ìdí oúnjẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó kàn jókòó wò ó náà mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tí kò rẹ́ni wò ò rí i ṣe. Torí náà ó ń rí ẹnì kejì ẹ̀, ó sì lè mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dórí pé ó ń sunkún ọkọ, ọ̀nà ẹ̀ jìn, ewu tó sì wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti pe gbogbo nǹkan ní ọ̀fọ̀, ẹ ò ní wá ohun tó ń ṣe é gan-an.

Tí kò bá jẹun, ẹ kọ́kọ́ fura sí àìsàn, pàápàá tó bá jẹ́ àìsàn ló pa ìkejì. Ẹ fura sí òtútù. Ẹ fura sí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò níbi tó mọ̀, òórùn ibẹ̀ ti yí padà, ẹ ti fi bílíìṣì fọ gbogbo ẹ̀. Irú tiwa yìí, igbó tó tutù ní ìrì ni ilé wọn, nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ wọ́n lè kàn lọ bọ́ sábẹ́ ewé kí wọ́n má jáde fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ wọ́n omi sí ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni pé òjò rọ̀, ẹ máa rí i tó máa jáde.

Èyí tí ó kù, ó nira fún mi láti kọ ọ́. Alábahun máa ń sáré kọlu Yánníbo, á fi iwájú ìkarahun gbá a, á gé e jẹ lẹ́sẹ̀, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, mo ní eré tọkọtìyàwó ni, mo tilẹ̀ gbé fídíò ẹ̀ sórí status mi lórí WhatsApp. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kú, mo rí i pé Yánníbo ń jáde wá jẹun ní gbangba ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ohun tí kò ṣe rí, ìgbà tí Alábahun bá jẹ tirẹ̀ tán ló máa ń yọrí tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ara èyí tó kù ń yá sí i lẹ́yìn ikú ìkejì, ẹ má bínú sí i, bóyá ojú ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là sílé ara ẹ̀.

Ìrìn lẹ́bàá ọgbà yẹn ńkọ́? Ní ọjọ́ kejìdínlógún mo bá a tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, ẹyin mẹ́ta ló yé síbẹ̀. Ibi tó máa yé e sí ló ń wá! Kò sì yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí dọ́kítà ṣàlàyé fún mi pé abo lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọdún pàápàá, kí ó tó fi ṣe ẹyin, torí náà akọ lè ti kú kí ẹyin tó ní ọmọ nínú tó jáde. Ẹni tí èyí tó kù bá jẹ́ abo, tó ń rìn ṣáá, tó ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀, kó wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tó sì rin díẹ̀ fún un, kó sì fi í sílẹ̀. Tó bá ń rọbí láti yé tí nǹkan kan ò jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò lágbára, dọ́kítà ni, ẹyin ti há sí i nínú. Tẹ́ ẹ ò bá dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo, ẹ yí i kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ akọ máa ń wọnú díẹ̀ bí àwo, ìrù ẹ̀ sì gùn, ó sì nípọn ju ti abo lọ.

Ìwé kékeré kan

Nǹkan tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé ọgọ́ta ewé tí mo rà tí mo fi okùn so mọ́ èkù ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ mo ń kọ ohun tó jẹ, bóyá ó yàgbẹ́, bó ṣe rìn. Gbogbo ọjọ́ Sunday, òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà, mo gbé láílọ́ọ̀nù lé e (ìyàwó mi ti fojú bá mi wí), mo wọ̀n ọ́n, mo kọ gíráàmù ẹ̀. Ojú máa ń tan èèyàn, òṣùwọ̀n kì í tàn án. Tó bá ń dín kù fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta léraléra, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò kọjá abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á mu omi níbẹ̀, á sì sábà yàgbẹ́ síbẹ̀, ìgbẹ́ yẹn gan-an lẹ máa gbé lọ fún àyẹ̀wò aràn, lọ́tun, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn oògùn.

Oúnjẹ: ẹ má fi búrẹ́dì pẹ̀lú ìrẹsì tù ú nínú. Irú tiwa ń jẹ olú, ìgbín, ekòló, èso tó já bọ́, pẹ̀lú ewé yánrin àti ewé ọ̀dùnkún. Tó bá jẹ́ sulcata ńlá tó wá láti Sahel ni tiyín, koríko ni, koríko púpọ̀, èso ò dáa fún un. Tí kò bá fẹ́ jẹ, ìgbín tí mo gé wẹ́wẹ́ ló ṣí Yánníbo lẹ́nu.

Àwọn kan ní kí n gbé dígí síbẹ̀ kó lè máa rò pé ẹnì kejì wà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, alejò tí kò lọ tí kò bọ̀ ló máa dà lójú ẹ̀, tó bá jẹ́ akọ, á máa kọlu dígí títí ẹnu á fi bó. Ìkarahun òfìfo ti ìkejì náà, ẹ gbé e jìnnà.

Ẹ̀yin gan-an

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ṣé a ò lè lẹ ẹ̀ ni, ṣebí nígbà tí Ìjàpá já bọ́ látòkè ọ̀run tí ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo padà sọ ni pé ti àlọ́ nìyẹn, Alábahun tiwa ti kú, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló bàjẹ́, kò ní dìde. Ẹ má sọ fún ọmọdé pé ó rìnrìn àjò, á máa retí ẹ̀, ẹ má sọ pé ó sùn, òun náà á máa bẹ̀rù àtisùn. Ẹ jẹ́ kó bá yín ju erùpẹ̀ sí i tó bá fẹ́. Ẹ fún un níṣẹ́ lára ìtọ́jú èyí tó kù, tèmi ló ń ka nọ́ńbà lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Sunday.

Fún àgbàlagbà, ẹ yan ẹni tẹ́ ẹ máa sọ fún. Níbi iṣẹ́ wa wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, "ẹ kú ará fẹ́ra kù o, bàbá ahun". Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ajá ẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú kàn pè mí, ó ní "báwo lo ṣe sùn?", òun ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìfófòó imú yẹn fún, tó bá jẹ́ pé mo gbé e mì ni, bóyá màá ṣì máa jí lóru títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀bi yẹn á wá bá yín, kò sẹ́ni tí kì í wá bá. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nígbà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ máa rí i pé ibi tẹ́ ẹ ti ń dá ara yín lẹ́jọ́, ìmọ̀ ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín nígbà yẹn.

Ṣé kẹ́ ẹ ra òmíì?

Tó bá jẹ́ nítorí èyí tó kù ni, rárá. Kò bẹ̀ yín. Èyí tí wọ́n ń nà sókè lẹ́bàá títì máa ń wá láti inú igbó ni, ó gbé aràn ẹ̀ dání, ebi àti òǹgbẹ ti ń pa á látọjọ́ tí wọ́n ti mú un, igbó náà sì ti ń ṣófo. Ẹni tó bá ra á kó ìyọnu tuntun wá bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn. Tó bá jẹ́ nítorí ẹ̀yin fúnra yín, mo gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà tí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bá kọjá tí èyí tó kù ò ṣàìsàn. Tuntun náà á tún lo ó kéré tán oṣù mẹ́ta lọ́tọ̀, àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ máa tọ́jú ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ á lọ fún àyẹ̀wò. Akọ méjì, ẹ má dán an wò rárá. Tó bá sì rẹ̀ yín débi tẹ́ ò lè tọ́jú èyí tó kù mọ́, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, ẹ má gbé e lọ tú sílẹ̀ nínú igbó, torí àìsàn tó gbé jáde nílé yín á di ti àwọn tó wà lọ́hùn-ún.

Ti ẹyin, kí n parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọn, ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí òkè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e, kí ibi tó wà lókè má yí sísàlẹ̀ láé, torí ó lè pa èyí tó wà nínú. Mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí tí mo bu erùpẹ̀ tó rin sí. Méjì ti rà. Ẹ̀kẹta ṣì wà níbẹ̀, ìlà pẹ́ńsùlù ẹ̀ ṣì kọjú sókè, ó ti ju oṣù márùn-ún lọ báyìí, mi ò sì tíì dà á nù.